Odò Kì í Kún Bo Ẹja Lójú, Ṣùgbọ́n Ọmọ Ẹni Kì í Ṣe Ẹja

Àwọn àgbà ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Inú omi ni wọ́n dá ojú ẹja fún. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá lajú sínú omi, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ẹyinjú kì í tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, gbogbo nǹkan á sì máa ṣe bàìbàì. Iṣẹ́ tí awò ìwẹdò ń ṣe kò ju pé ó fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sáàárín ojú àti omi. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ gbé e wọ̀ á pariwo pé òun rí ẹja ńlá, kò sì purọ́: ohun tí a bá fi awò wò lábẹ́ omi máa ń tóbi lójú ẹni ju bó ṣe rí lọ, á sì dà bíi pé ó sún mọ́ni.

Àmọ́ awò kò lè sọ omi ẹrẹ̀ di omi tó mọ́ gaara, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ àwa tó ń gbé ní Port Harcourt ti yàtọ̀. Odò Bonny ni ìlú yìí jókòó tì, òkun gan-an ṣì wà ní nǹkan bíi kìlómítà 66 sí wa. Tourist Beach tó wà nígboro, orúkọ lásán ló fi jẹ́ etíkun, ẹsẹ̀ odò ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn òkun yóò wọ ọkọ̀ ní jẹ́tì tí wọ́n ti ń lọ sí erékùṣù Bonny, yóò sì dé Finima. Níbẹ̀, ẹrẹ̀ tí Odò Ọya àti igbó ẹ̀gbà ń tú dànù ló ń pàdé omi òkun. Bí ẹ bá ki orí bọ omi náà pẹ̀lú awò tó dára jù lọ láyé, agbára káká lẹ fi máa rí ìka ọwọ́ yín. Nítorí náà, ẹ má ṣèlérí ẹja aláràbarà fún ọmọ kankan ní Bonny. Iyanrìn, akàn, bọ́ọ̀lù, àti igbó Finima tí iléeṣẹ́ gáàsì NLNG ń dáàbò bò, ìwọ̀nyí tó ohun tí ọmọ máa ròyìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì náà wà níbẹ̀. Epo tó tú sínú omi Bodo, nílẹ̀ Ogoni, ní 2008 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ará ibẹ̀, ìwádìí tí àjọ UNEP sì gbé jáde lórí ilẹ̀ Ogoni ní 2011 fi hàn bí ìbàjẹ́ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Ọmọdé kì í wẹ̀ kó má gbé omi mì. Kí wọ́n tó bọ́ ṣòkòtò, ẹ kọ́kọ́ lọ wo omi, kẹ́ ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń dán bí òṣùmàrè tàbí tó ń rùn bíi kẹrosíìnì, orí iyanrìn ni kí eré ọjọ́ náà parí sí.

Níbo wá ni ọmọ yóò ti lo awò àti ọ̀pá ìmí, èyí tí wọ́n ń pè ní snorkel? Nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, nígboro níbí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn ọmọ Ìbàní àti Kalabari tí wọ́n bí sẹ́bàá omi ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Ìlàjẹ tiwa létíkun Oǹdó. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwa tó ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo wá síbí, omi garawa la fi dàgbà. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀, ká sì wá olùkọ́ fún ọmọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra awò, ẹ gbé e lé ojú ọmọ láì fa okùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn orí, kẹ́ ẹ ní kó fa imú sínú díẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú tí kò já bọ́, ó bá a mu. Bó bá já bọ́, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, bó ti wù kó yìn ín tó. Awò tí kò bo imú kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi itọ́ pa inú dígí náà kó tó ṣàn án, kí kùrukùru má bàa bò ó. Inú àwọn ọmọ máa ń dùn sí èyí ju gbogbo ìyókù lọ. Ọ̀pá ìmí ọmọdé gbọ́dọ̀ kúrú. Bó bá gùn jù tàbí tó fẹ̀ jù, èémí tí ọmọ mí síta kò ní jáde tán, òun náà ni yóò tún fà sínú, orí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Awò tó bo gbogbo ojú pátá, tó fani mọ́ra lójú ọlọ́jà, èmi ò ní rà á fún ọmọ kékeré, nítorí ìdààmú ni láti bọ́ ọ kíá bí omi bá wọ̀ ọ́.

Níbi tí omi kò ga ju àyà ọmọ lọ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó dúró, kó fi ojú nìkan bọ omi, kó máa mí. Kó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ omi jáde nínú ọ̀pá àti bí wọ́n ṣe ń bọ́ awò láì bẹ̀rù. Bó bá sunkún, ó tó.

Ní ti òkun fúnra rẹ̀, òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Òjò Port Harcourt ju milimita 2,000 lọ lọ́dún, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ló sì máa ń bínú jù. Ẹ fi ìrìn àjò Bonny sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi ibẹ̀ máa ń kún, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nígbà tó bá ń fà, ó lè gbé àgbàlagbà lọ sí agbami. Àwọn apẹja ibẹ̀ mọ wákàtí rẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹni tí omi bá ń fà lọ kò gbọ́dọ̀ bá a jìjàkadì tààrà. Kó máa wẹ̀ ní ìbú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun títí yóò fi bọ́ nínú ìfà náà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló bómi lọ ní 2021, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo bíi ti inú fíìmù; ẹnu rẹ̀ ti wà lábẹ́ omi. Bí mọ̀lẹ́bí bá pọ̀ létíkun, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí ìyá rò pé bàbá ń wò wọ́n, bàbá rò pé àǹtí wọn ni. Ẹ dárúkọ ẹnì kan. Ẹni náà kò gbọdọ̀ mu ọtí, kò gbọdọ̀ tẹ fóònù, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè tó ọmọ kékeré nígbàkigbà, títí ẹlòmíràn yóò fi gbà á.

Ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí ẹja gan-an, kó máa wo São Tomé tàbí Cape Verde. Erékùṣù olókùúta ni wọ́n, kò sí odò ńlá tó ń da ẹrẹ̀ sí wọn létí, omi wọn sì mọ́. Ọmọ tó bá ti kọ́ṣẹ́ nígboro wa níbí kò ní fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ jà pẹ̀lú ọ̀pá ìmí níbẹ̀.

Ó ku ti ọkọ̀ Bonny. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà kì í ṣe ti ọmọdé. Bí ọmọ bá ṣubú sómi, yóò yọ jáde nínú rẹ̀ ni. Ẹ ra èyí tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ so ó, kẹ́ ẹ sì fa èjìká rẹ̀ sókè wò bóyá á yọ. Bí awakọ̀ bá ń kó èrò ju àyè ọkọ̀ lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ dúró de èyí tó kàn.