Tòlótòló Igbó Missouri: Kí Ẹ Tó Gbé E Sórí Òṣùwọ̀n

Ẹni tó jẹ́ pé tòlótòló Kérésìmesì nìkan ló mọ̀, ti igbó Missouri lápá àárín Amẹ́ríkà yóò yà á lẹ́nu. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó ń fò, orí igi ló sì ń sùn. Àgbà akọ sábà máa ń wọn pọ́ùn 18 sí 25. Abo kì í sábà kọjá 12. Bí ọdẹ kan bá ní òun pa oní pọ́ùn 30, ẹ ní kó gbé òṣùwọ̀n wá.

Bí bàálù bá já yín sí St. Louis tàbí Kansas City, títì I-70 ló so ìlú méjèèjì pọ̀, ó sì la ìpínlẹ̀ náà sí méjì. Lápá àríwá, oko àgbàdo àti sóyà ló pọ̀, pẹ̀lú igbó kéékèèké láàárín wọn. Gúúsù ni òkè Ozark: òkúta, igi óákù, àti igbó ìjọba Mark Twain tó fẹ̀ tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ éékà. Bó bá jẹ́ ìwúwo lẹ ń wá, ẹ gba àríwá. Àgbàdo tó já sílẹ̀ nígbà ìkórè ni tòlótòló ibẹ̀ ń ṣà jẹ nígbà òtútù. Ti Ozark gbójú lé èso óákù. Lọ́dún tí igi kò bá so, ebi dé nìyẹn. Kì í ṣe pé ìran wọn yàtọ̀ o. Nígbà tí tòlótòló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Missouri, Ozark ni ìwọ̀nba tó kù sá sí. Ní 1954 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n mú wọn ní Peck Ranch ní Ozark níbẹ̀, tí wọ́n sì kó wọn lọ tú sílẹ̀ káàkiri. Ọmọ ọmọ ti orí òkúta ló ń jẹ àgbàdo lápá àríwá yẹn; oúnjẹ ló sọ ọ́ di bọ̀rọ̀kìnní. Àmọ́ ilẹ̀ onílẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Ní tèmi, Ozark tẹ́ mi lọ́rùn jù: nínú igbó ìjọba ibẹ̀, ẹ ò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni àlejò ti máa ń ṣì í. Akọ ọlọ́dún kan, tí wọ́n ń pè ní jake, kì í sábà kọjá pọ́ùn 16. Bó bá na ìrù, ìyẹ́ àárín á yọ ga ju ìyókù lọ. Ti àgbà rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kẹta, ìwúwo kì í fi bẹ́ẹ̀ lé sí i mọ́. Ọlọ́dún méjì tó rí àgbàdo jẹ lè wúwo ju baba arúgbó orí òkè lọ. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò, ní ẹ̀gún tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti àkùkọ. Ti jake kò ju kókó kékeré lọ. Ti ọlọ́dún méjì kì í sábà pé íńṣì kan. Èyí tó bá kọjá íńṣì kan, tó sì tẹ̀ kọrọdọ, àgbà gidi ni.

Ọdẹ ìgbà ìrúwé máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oṣù Kẹrin bá ti dá sí méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ẹ tètè dé. Akọ àgbà ti kó ọ̀rá sí àyà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé abo, kì í sì í ráyè jẹun mọ́ bó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá yẹn ló ń ná, nítorí náà ẹyẹ kan náà á fúyẹ́ bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹni tó fi físà àbẹ̀wò wọlé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn láìní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹ má fọ́n àgbàdo sílẹ̀ dè é, òfin kọ̀ ọ́. Ẹ má sì wọ aṣọ pupa, funfun tàbí búlúù, torí àwọ̀ orí akọ tòlótòló nìyẹn, ọdẹ mìíràn lè yìnbọn sí yín.

Bí ẹ bá ti pa á, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó yọ ìfun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ la àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀: bóyá àgbàdo, bóyá èso óákù, bóyá tata àti ewéko tútù, ẹ ó rí ibi tó ti jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà.