Aṣọ Aláìlápá Lọ sí Mambilla

Ṣọlá, wá ńbí. Ìwọ lo di àpótí yìí? Bàtà gíga mẹ́ta, aṣọ aláìlápá rẹpẹtẹ, kò sí súwẹ́tà ẹyọ kan! Gembu ní Tàràbà mà ni wọ́n ní kó o ti lọ ṣe àgùnbánirọ̀, kì í ṣe etíkun Lẹ́kì.

O ní kì í kúkú ṣe òkè Ọya pátápátá. Òótọ́ ni. Gbé máàpù wá, fi ìka sórí Ìjẹ̀bú-Òde, máa wọ́ ọ lọ sí ìlà-oòrùn tààrà. Ibi tó o máa já sí ò jìnnà sí Gembu. Ìbàdàn gan-an sún mọ́ àríwá jù ú lọ! Gíga ibẹ̀ ni kó o bẹ̀rù. Òkè Mambilla tí Gembu wà lórí ẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 1,600 ju òkun lọ. Téèyàn bá sì ti gun kìlómítà kan, ooru afẹ́fẹ́ máa ń fi bíi dígírì 6.5 wálẹ̀. Yọ 10 nínú ooru Ìjẹ̀bú, kó o wá sọ fún mi ohun tó o máa dà bora lóru.

Má ṣẹnu ṣùùtì sí mi. "Àǹtí, ṣebí ẹni tó gòkè ló sún mọ́ oòrùn?" Olóye! Oòrùn tó wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà, kí ni kìlómítà kan àbọ̀ fẹ́ dín kù níbẹ̀? Ilẹ̀ ni oòrùn ń mú gbóná, ilẹ̀ ló ń mú afẹ́fẹ́ gbóná láti ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gbéra. Bó ṣe ń lọ sókè, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ á máa dín kù, á fẹ̀, bó sì ṣe ń fẹ̀ ló ń tutù. Na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lẹ́nu táyà wò. Kilimanjaro ní Tàǹsáníà sún mọ́ agbedeméjì ayé, síbẹ̀ yìnyín wà lórí ẹ̀, ní mítà 5,895.

Àfi lóru ẹ̀ẹ̀rùn lọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Ilẹ̀ á tètè tutù, afẹ́fẹ́ tútù tó wúwo á ṣàn lọ sínú àfonífojì, ìsàlẹ̀ á wá tutù ju ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Má gbàyàrá sí kòtò o, ọmọ mi.

Súwẹ́tà méjì, ibọ̀sẹ̀ tó nípọn. Kí n má tún sọ ọ́.

Omi pàápàá, bíi dígírì 95 ló ti ń hó níbẹ̀, kò ní dé 100. Rẹ ẹ̀wà sómi láti àṣálẹ́. Má fóònù mi pé gáàsì tán, ẹ̀wà ò jinná.