Ẹ̀kọ́ Lára Ísáákì: Bí A Ṣe Lè Ṣọ́ra fún Gbájúẹ̀ Orí Fóònù

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 27:1-40

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ọ̀nà tí ẹlẹ́tàn ń gbà wọlé, àti ohun tí a ó ṣe bí ó bá ti wọlé.



Ísáákì kì í ṣe òmùgọ̀. Kò ríran mọ́ ni, síbẹ̀ ara fu ú. Ó béèrè ọ̀rọ̀, ó fọwọ́ kan ẹni tó wọlé, ó gbóòórùn aṣọ rẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ ẹni tó wá tàn án gan-an ló ti ń wádìí. Kò ránṣẹ́ sí Ésáù. Nígbà tí Ésáù fi dé, ìre ti lọ.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan pè mí, ó ní báǹkì mi ni òun ti ń pè, pé BVN mi ní wàhálà, wọn yóò sì ti àkáǹtì mi pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ara fu mí. Mo bi í léèrè orúkọ mi àti ọjọ́ ìbí mi, ó sì gba méjèèjì. Ni mo bá ka nọ́ńbà iwájú àti ẹ̀yìn káàdì ATM mi fún un. Mo tún ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Ojú ẹsẹ̀ ni ₦85,000 lọ. Owó aṣọ ìkórè tí àwọn arábìnrin fi sí mi lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀. Ojú tì mí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí n tó dé báǹkì, wọ́n ti gba owó náà kúrò níbi tó lọ. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ohun mẹ́rin.

1. Aṣọ Ésáù kì í ṣe Ésáù. Rèbékà ló kó aṣọ náà fún Jákọ́bù. Lónìí, àwa fúnra wa ń kó orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àwòrán wa sórí Facebook. Bí ẹnìkan bá mọ̀ wọ́n, kò fi hàn pé báǹkì ló rán an.

2. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọdún 2014 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dá BVN sílẹ̀, nọ́ńbà 11 ni. Báǹkì kì í pe ènìyàn láti béèrè PIN tàbí nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n. Ẹ má sọ PIN yín fún ọmọ POS pàápàá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín.

3. Ẹlẹ́tàn lè wọ aṣọ arábìnrin wa. Yóò kọ̀wé lórí WhatsApp pé òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ dá a padà. Bí ẹ bá dá a padà, yóò ṣí WhatsApp yín sórí fóònù tirẹ̀, yóò sì máa fi orúkọ yín tọrọ owó. Ẹ lọ sí Settings, Account, Two-step verification, kí ẹ fi PIN sí i.

4. Ẹ wádìí níbòmíràn. Ẹ pa ìpè náà, kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín, tàbí kí ẹ lọ sí báǹkì. Bí arábìnrin bá tọrọ owó, ẹ pe fóònù rẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ má rò pé àìmọ̀wé ló ń fa èyí. Ní November 2022, ilé ẹjọ́ ní Los Angeles rán Ramon Abbas, tí a mọ̀ sí Hushpuppi, sí ẹ̀wọ̀n ọdún tó lé ní 11. Wọ́n pàṣẹ kí ó san $922,857 padà fún ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní New York. Ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jọ ti báǹkì ló tan àwọn amòfin náà.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe bí tèmi. Ní wákàtí náà gan-an, ẹ ní kí báǹkì ti àkáǹtì yín, kí ẹ sì sọ fún ọlọ́pàá. Òfin ọdún 2015 ka ìwà yìí sí ọ̀daràn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ẹgbẹ́, kí ẹlòmíràn má bàa bọ́ sí i.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Kí ni Ísáákì ì bá ti ṣe kí ó tó súre?
2. Irú ọ̀rọ̀ wo la máa ń sọ sí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, tí kì í jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀?

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní ọgbọ́n láti dúró wádìí. Má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pa wá lẹ́nu mọ́. Àmín.