Kí A Tó Ra Ẹ́ńjìnnì Ńlá: Gíga Ẹ́ńjìnnì àti Yíyan Pùròpẹ́là fún Ọkọ̀ Apẹja

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń bi ara wa nínú kíláàsì fluid mechanics: "Níbo la ti fẹ́ lo èyí?" Èmi náà béèrè rẹ̀ títí mo fi wọ ọdún kẹta. Etí omi Ìjẹ̀dẹ́, ní ẹkùn Ìkòròdú, ni mo ti rí ìdáhùn.

Apẹja ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí à ń pè ní Bàbá Àgbà. Bí àwọ̀n wọn bá ti mú ẹja, wọ́n máa ń gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, nǹkan bí 40 kìlómítà sí ìlà-oòrùn, nítorí pé àwọn oníbàárà wọn ní ọjà ẹja Olúwo máa ń ra òbòkún àti ẹ̀pìyà tútù ní owó tó dára, bí wọ́n bá tètè dé. Àtitètè dé yìí gan-an ni wàhálà. Ọkọ̀ wọn ń wọ́ bí ẹni tó ru iyọ̀ nínú òjò. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo ló ń jẹ èrè wọn. Wọ́n wá pinnu pé àwọn yóò yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọn yóò ta ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 tó wà lọ́wọ́ wọn, wọn yóò sì ra 75. Oníduró méjì ti fọwọ́ sí ìwé.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gba owó náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o kò tíì mọ ọkọ̀ wà? Ó dára. Ọ̀sẹ̀ méjì."

Ohun tí ọ̀sẹ̀ méjì náà kọ́ mi ni mo fẹ́ pín fún yín: kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń ti ọkọ̀, omi tí pùròpẹ́là bá gbá sẹ́yìn ni. Bí pùròpẹ́là kò bá sí níbi tó yẹ, tàbí tí kò bá ẹrù ọkọ̀ mu, owó epo ni ẹ́ńjìnnì ńlá yóò kàn fi kún.

Kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí a wà

Ẹni tí kò bá mọ iye tó ní kò lè mọ̀ bóyá ó jèrè. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo yá mítà kékeré tó ń ka iye yíyí ẹ́ńjìnnì. Ara wáyà púlọ́ọ̀gì ni a ń so ó mọ́. Fóònù mi ni mo fi ka eré ọkọ̀. A kó ẹrù tí Bàbá máa ń kó gan-an, a yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì dópin, a sáré lọ, a sáré bọ̀, mo sì pín àpapọ̀ rẹ̀ sí méjì kí ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́ má baà tàn wá jẹ. Ẹ́ńjìnnì yí 4,100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ sáré 24 kìlómítà ní wákàtí kan. Ìwé ẹ́ńjìnnì náà ní kí ó máa yí láàárín 4,500 sí 5,500 bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ dópin. Nǹkan kan ń fà á sẹ́yìn.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó sí

Ìdí ọkọ̀ ni pátákó tí a ń fi ẹ́ńjìnnì kọ́ wà. Láti orí pátákó yìí dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni à ń pè ní gíga ìdí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ní gígùn ẹsẹ̀ tirẹ̀. Àwọn tó wọ́pọ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, tí wọ́n ṣe fún ìdí ọkọ̀ tó ga ní ínṣì 15, àti ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí wọ́n ṣe fún ínṣì 20.

Ní òkè pùròpẹ́là, awo pẹlẹbẹ kan wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bo pùròpẹ́là lórí kó má baà fa afẹ́fẹ́ láti ojú omi. Awo yìí ni a fi ń wọn gíga. Fún ọkọ̀ iṣẹ́, ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni kí awo bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ sí i díẹ̀, kó má ju ínṣì 1 lọ.

A fa ọkọ̀ gun etí omi. Mo fi pákó gígùn tó tọ́ sábẹ́ ọkọ̀, mo jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ yọ dé ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo sì fi téèpù wọn ún. Awo wa fi ínṣì 4 àti ààbọ̀ rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ.

Bàbá ló tú àṣírí rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ni ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wọn, káfíńtà sì gé ìdí ọkọ̀ sí ínṣì 15 àti ààbọ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tó bàjẹ́, tòkunbọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni wọ́n rí rà. Ẹsẹ̀ gùn sí i, ìdí ọkọ̀ kò ga sí i.

Kí ló burú níbẹ̀? Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó rì jù dà bí ìtì igi tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀, tí à ń wọ́ kiri. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà omi yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀sà wa kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹsẹ̀ tó rì jù ló máa ń kọ́kọ́ gbá ẹrẹ̀, kùkùté àti àwọ̀n ẹlòmíràn.

Àṣejù mi

A gé pákó ìrókò sí ínṣì kọ̀ọ̀kan, a ń tò wọ́n sórí pátákó ìdí ọkọ̀, a sì ń fi bóòtù dè wọ́n. Bí a ṣe ń gbé e sókè ni ọkọ̀ ń fúyẹ́ sí i. Nígbà tí a gbé e ní ínṣì 4, tí awo wá rẹlẹ̀ ní ààbọ̀ ínṣì péré, ẹ́ńjìnnì yí 4,300, eré sì di 27. Bàbá ní, "Ó tó."

Èmi kò gbọ́. Mo fi ínṣì 2 kún un. Awo wá ga ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ ní ínṣì 1 àti ààbọ̀. Lójú omi tó pa rọ́rọ́ ní Ìjẹ̀dẹ́, eré tún lé sí i, orí mi sì wú.

Ní ọjọ́ kejì, a kó ẹja, a forí lé Ẹ̀pẹ́. Ìgbì bẹ̀rẹ̀. Bí ìdí ọkọ̀ bá ti gbé sókè, ẹ́ńjìnnì á pariwo bí ẹni pé ó fẹ́ já, ọkọ̀ kò sì ní lọ síwájú, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni pùròpẹ́là ń gbá. Mo ṣì ń wo mítà mi nígbà tí Bàbá kígbe, "Kò tọ̀ mọ́! Pa á!" Omi tó máa ń tọ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń wò. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni ihò tó ń fa omi ìtútù wà. Bí ihò náà bá fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná títí yóò fi gan pa. Ká ní ẹyọ ojú tèmi nìkan ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ́ńjìnnì 40 kò bá ti lọ, gbèsè 75 ni ì bá kù.

A dúró kó tutù, a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, a rọra ń lọ. Nígbà tí a dé Olúwo, yìnyín ti yọ́, àwọn oníbàárà ti ra tiwọn lọ. Ọ̀pọ̀ ni a tà. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá sọ: "Àṣejù, baba àṣetẹ́." A dá a padà sí ínṣì 4, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.

Yíyan pùròpẹ́là

Nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà lára pùròpẹ́là. Èkíní ni ìbú rẹ̀. Èkejì ni pitch, ìyẹn iye ínṣì tí ì bá fi sún síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ká ní inú nǹkan líle ló wà, bí skúrúù tó ń wọ pákó. Omi kì í ṣe pákó. Ó máa ń yọ̀. Nítorí náà, ìyàtọ̀ máa ń wà láàárín eré orí ìwé àti eré ojú omi.

Pitch 13 ló wà lára ẹ́ńjìnnì Bàbá. Ẹni tó tà á fún wọn ní nọ́ńbà tó bá ga jù ló ń sáré jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Gíà ń dín yíyí kù sí ìdajì, nítorí náà 4,300 di 2,150 lára pùròpẹ́là. Ínṣì 13 jẹ́ 0.33 mítà. 2,150 ní ìlọ́po 0.33 jẹ́ nǹkan bí 710 mítà ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 42.6 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọkọ̀ wa sáré 27. Ìyọ̀ jẹ́ nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọlọ́kadà tó gbé èrò méjì, tó fẹ́ fi gíà 4 gun òkè. Ọ̀kadà á máa gbọ̀n, epo á máa jó, kò sì ní lọ. Ọkọ̀ tó ru àwọ̀n, yìnyín àti ẹja nílò pitch kékeré. Bí a bá dín pitch kù ní ínṣì 1, ẹ́ńjìnnì sábà máa ń fi 150 sí 200 yíyí kún tirẹ̀. A nílò ó kéré tán 200 kí a tó dé 4,500. Mo ní kí Bàbá wá pitch 11.

Wọ́n fi pàrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń gbé èrò nínú ọkọ̀ fúyẹ́. Ẹ́ńjìnnì yí 4,700, eré di 29, ìyọ̀ sì bọ́ sí nǹkan bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Èrè gidi kò sí nínú 29 yẹn o. Ó wà nínú pé Bàbá lè dẹ ọwọ́ ẹ́ńjìnnì sí nǹkan bí 3,900, kí wọ́n sì ṣì máa sáré 24 àtijọ́, láìfún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn.

Àwọn nǹkan tí kò yẹ ká gbàgbé

1. Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí gíga àti pùròpẹ́là padà pọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

2. Ẹrù iṣẹ́ ni kí ẹ fi dán an wò, lójú omi tó ní ìgbì, kì í ṣe nínú ọkọ̀ òfìfo. Kí ojú yín má kúrò lára omi tó ń tọ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò.

3. Kí pitch má kéré jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń kọjá iye tí ìwé rẹ̀ sọ, ìyẹn náà ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

4. Ewéko omi tó ti ń yọ ọ̀sà wa lẹ́nu láti ọdún 1984 máa ń pọ̀ lásìkò òjò. Bí eré bá ṣàdédé dínkù, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ yọ gbòǹgbò tó wé pùròpẹ́là tàbí tó dí ihò omi, kí ẹ tó dá gíga lẹ́bi.

5. Ọkọ̀ tó wúwo tí kò lè gun orí omi ní ààlà eré tirẹ̀. Ẹ wá square root gígùn rẹ̀ ní mítà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.43. Ọkọ̀ mítà 9 yóò fún yín ní nǹkan bí knot 7.3, ìyẹn 13.5 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti dé ààlà yìí, epo púpọ̀ ló máa fi ra eré díẹ̀.

Ẹ fi èyí dánra wò: ẹ́ńjìnnì yí 5,000, gíà dín in sí ìdajì, pitch jẹ́ ínṣì 11, fóònù ka 30 kìlómítà ní wákàtí kan. Èló ni ìyọ̀? Bí ìdáhùn yín bá súnmọ́ 29 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ gbà á.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èmi ni mo mú téèpù àti ìṣirò wá. Bàbá ló mọ ìgbà tó tó, ojú wọn ló sì gba ẹ́ńjìnnì là. Ìwé ẹ̀yáwó náà ṣì wà nínú àpótí wọn. Wọn kò gba owó náà.