Ta ni iṣẹ́ ìlú tọ́ sí?

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé wa. Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1–7

Nígbà tí a mú orí yìí fún ẹ̀kọ́, àwọn kan nínú wa ní ọ̀rọ̀ yíyan díákónì ni. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn opó ni wọ́n sì fojú fò dá.

Oríṣi Júù méjì ló wà nínú ìjọ Jerúsálẹ́mù: àwọn onílé tí ń sọ èdè ilé, àti àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ìdálẹ̀ dé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pín oúnjẹ fún àwọn opó, ṣùgbọ́n opó àwọn tí ń sọ Gíríìkì kì í rí tirẹ̀ gbà bó ṣe yẹ. Bíbélì kò sọ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ febi pa wọ́n. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ń pín in mọ opó ojúlé tirẹ̀, kò mọ ti ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìrẹ́jẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tí a mọ̀ ni a máa ń pè.

Ẹ wo ohun tí àwọn Àpọ́sítélì ṣe. Wọn kò ní kí àwọn tó ń ráhùn pa ẹnu mọ́. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ wá ọkùnrin méje tó ní orúkọ rere, tó ní Ẹ̀mí, tó sì gbọ́n. Nígbà tí wọ́n yàn wọ́n tán, orúkọ Gíríìkì ni àwọn méjèèje ń jẹ́. Nikóláù kì í tilẹ̀ ṣe Júù láti ìbí, ará Áńtíókù tó gba ẹ̀sìn àwọn Júù ni. Ìjọ gbé kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ lé àwọn tó jọ àwọn olùráhùn lọ́wọ́. A mọ̀ pé ìyá kan yóò béèrè pé kí ló dé tí wọn kò fi opó kan ṣoṣo kún àwọn méje náà. Àwa náà bi ara wa bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sílé. Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun àti àwọn abúlé sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ifọ́n-Ọ̀ṣun ni olú-ìlú ti Òròlú. Iṣẹ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀: iṣẹ́ olùtọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ akọ̀wé, dé orí ẹni tí ń gbálẹ̀ ọjà. Iṣẹ́ àgbàṣe náà wà: gbígbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, kíkọ́ ìsọ̀ ọjà, ṣíṣe gọ́tà. Ta ni wọ́n ń pè sí i?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ẹsẹ̀ 14, ìlà kẹrin, sọ pé bí a bá ń yan àwọn tí yóò wà nínú ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀, kí a ka oríṣiríṣi ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ sí, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé àwọn ní ìpín níbẹ̀. Irú òfin yìí ti wà nínú ìwé òfin ti 1979, ọdún 1996 ni wọ́n sì dá àjọ Federal Character sílẹ̀ láti máa ṣọ́ pínpín ipò. Ibi tó ń dunni ni pé apá kejì ìwé òfin ni ọ̀rọ̀ náà wà, ẹsẹ̀ 6 sì sọ pé a kò lè tìtorí apá náà gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ẹsẹ̀ 42 ló ṣeé gbé lọ, òun ló kọ̀ kí a tìtorí ìlú, ẹ̀sìn tàbí jíjẹ́ obìnrin yọ ẹnikẹ́ni sẹ́yìn.

Àwa obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí ń ta lára jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa, Ifọ́n ni ilé bàbá wa, Ìlobùú ni ilé ọkọ wa, ti àwọn mìíràn sì jẹ́ ìdàkejì. Ní ìjọba ìbílẹ̀ kan tí a kò ní dárúkọ, tí kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn méjì wa yìí, arábìnrin wa kan wá iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Nílé bàbá rẹ̀ wọ́n ní kó lọ bá àwọn ọkọ rẹ̀. Nílé ọkọ wọ́n ní àlejò ni. Ọmọ mẹ́rin ló ti bí fún wọn o! Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìlànà àjọ Federal Character sọ pé ní ti iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, obìnrin tó ti relé ọkọ ṣì jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ tí a ti bí i. Ẹ má sọ ìwé ọmọ ìbílẹ̀ yín nù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ifọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn. Ẹ̀mí bọ́, ilé jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé. A kò jókòó níhìn-ín láti sọ ẹni tó jàre. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ọ̀dọ́ tó ní iṣẹ́ tí yóò jí lọ láàárọ̀ kò rọrùn láti pè jáde lóru.

Ṣé ìjọba ìlú tilẹ̀ lè pín iṣẹ́ kiri bẹ́ẹ̀? Ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ṣe é. Ní 1973 wọ́n dìbò yan Maynard Jackson, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó di olórí ìlú náà. Nígbà yẹn, iṣẹ́ àgbàṣe ìlú tí ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń yọ sẹ́yìn kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fẹ́ kọ́ pápákọ̀ òfurufú ńlá. Jackson ní kí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ wọn, kí ilé iṣẹ́ ńlá sì mú kékeré mọ́ra kí wọ́n jọ ṣe é. Àwọn alágbára ìlú bínú, kò yẹ̀. Láàrin ọdún márùn-ún, ìpín wọn nínú iṣẹ́ ìlú ti lé ní ìdá 30. Ní September 1980 wọ́n ṣí pápákọ̀ náà.

Ti Richmond, ní Virginia, kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìdajì ará ìlú ló jẹ́ ènìyàn dúdú, ṣùgbọ́n nínú náírà kan iṣẹ́ àgbàṣe, kí a kà á bẹ́ẹ̀, ohun tó ń kàn wọ́n kò tó kọ́bọ̀ kan. Ní 1983 ìlú ṣòfin pé kí ìdá 30 máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń yọ sẹ́yìn. Agbaṣẹ́ṣe kan pẹjọ́, ní January 1989 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì fagi lé òfin náà. Wọ́n ní ìlú kò kó ẹ̀rí tó kalẹ̀ pé ẹni báyìí báyìí ni wọ́n rẹ́ jẹ níbí. Ó dùn wá bí a ti ń kà á, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní nǹkan. Ìráhùn àwọn opó ní ojú: oúnjẹ wo, ọjọ́ wo, opó ta ni. Tiwa ńkọ́? A ó kàn ní “wọn kì í fún wa,” a ò sì kọ orúkọ ẹnì kan tàbí ọjọ́ kan sílẹ̀.

Ní July 2024 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà ilé níbí ni ìbéèrè ń bọ̀.

Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan arábìnrin méjì, ọ̀kan tó relé ọkọ láti ìlú kejì, kí wọ́n lọ fi ọ̀wọ̀ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn: níbo ni ẹ ń lẹ ìwé iṣẹ́ mọ́, kí ni obìnrin gbọ́dọ̀ mú wá kó tó lè forúkọ sílẹ̀ bí agbaṣẹ́ṣe? Kí wọ́n kọ èsì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n lọ. Kí akápò náà mú ìwé ìnáwó àjọ̀dún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wá, kí a jọ wo ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó rán aṣọ ẹgbẹ́, àti iye ìgbà tí a pe ẹnì kan náà.