Ọpọ́n Omi Gbígbóná Ẹ̀yìnkùlé: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Oníṣẹ́ Iná

Ọ̀dọ́ tó bá ń kọ́ṣẹ́ iná ní Amẹ́ríkà, tí oníbàárà fẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀ olómi gbígbóná sẹ́yìnkùlé, kó kọ́kọ́ ka Abala 680 nínú ìwé òfin National Electrical Code. Ara tó rin fómi kì í dènà iná bí ara gbígbẹ.

Ohun tí àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ ń tẹnu mọ́ jù ni pé irin tí a rì mọ́lẹ̀ nìkan kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ilẹ̀ kì í sábà gbé iná tó pọ̀ tó kí bùrẹ́kà fi já. Wáyà bàbà tó padà sí páńẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sì gbọdọ̀ tín-ín-rín ju nọ́ńbà 12 lọ. Ọ̀tọ̀ ni wáyà nọ́ńbà 8 tó ń so àwọn irin àyíká omi pọ̀, kí agbára iná wọn lè dọ́gba, kí ẹni tó bá di méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà má baà di ọ̀nà iná.

GFCI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń já iná nígbà tí iná bá yà lọ́nà, ńkọ́? Dandan ni! Mílíámpù 6 péré tó bá yà lọ́nà ti tó láti mú un já.

Kí swíìṣì ìpaná wà níbi tójú ti lè rí i, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 5 sí omi. Kí wọ́n sì pe olùyẹ̀wò ìjọba kí wọ́n tó da kọnkéré bo wáyà.