Ìrora Tó Ń Ti Ìbàdí Wọ Ẹsẹ̀

Ẹni tó bá dé Ọjà Oliha ní ìlú Bìní, Ìpínlẹ̀ Ẹdó, yóò rí àwọn alábàárù tí ń ru àpò gàrí, yóò sì rí àwọn ìyá ọlọ́jà tí ń jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn dídùn kò ṣàjèjì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi ìrora kan wà tí kì í dúró sí ẹ̀yìn. A máa bẹ̀rẹ̀ ní ìbàdí, a gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ sí itan, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pè é ní làkúrègbé, wọn a sì máa fi òróró ra ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ kọ́ ni àrùn náà wà.

Kí ló ń fà á?

Eegun 33 ló to ara wọn di ọ̀pá ẹ̀yìn. Láàárín ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ohun rírọ̀ kan wà bíi tìmùtìmù, tí kì í jẹ́ kí eegun máa gún eegun. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ti ń jáde, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí tìmùtìmù yìí bá ya, tí inú rẹ̀ yọ síta, tàbí tí eegun hù dí ọ̀nà nítorí ọjọ́ orí, gbòǹgbò iṣan yóò há. Ìbàdí ni iṣan ti há, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí iṣan náà lọ ni a ó ti mọ ìrora. Bó bá jẹ́ ní ọrùn ni, apá ni yóò máa dùn. Ní ọdún 1934 ni àwọn dókítà Mixter àti Barr, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ipa tí tìmùtìmù tó ya ń kó nínú àrùn yìí.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Ẹsẹ̀ kan ló sábà máa ń dùn. Ìrora náà a máa ta bí iná, a sì le sí i bí ènìyàn bá wúkọ́ tàbí tó sín. Ẹsẹ̀ lè kú, tàbí kó má lágbára mọ́.

Kí ni ṣíṣe?

Ọ̀pọ̀ ló ń san láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mẹ́ta láìṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù, ẹ tẹ orúnkún, ẹ fa ẹrù náà mọ́ra, ẹ má sì yí ìbàdí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun yín lẹ́yìn. Oògùn ìrora tí a ń lò lójoojúmọ́ láìrí dókítà lè ba inú àti kíndìnrín jẹ́. Bí ibà àti rírù bá bá ẹ̀yìn dídùn rìn, ẹ ṣe àyẹ̀wò, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa jẹ eegun ẹ̀yìn.

Àmì ewu

Bí ìtọ̀ kò bá jáde, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń dà lára láìmọ̀, tí abẹ́ àti ìdí kú, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà mìíràn, torí pé ẹni tó bá pẹ́ lè má rìn dáadáa mọ́.